Ohun Tí Ojú Ọ̀gá Sọ

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti sùn gbalaja sórí tábìlì oúnjẹ bí aláìsàn, Ẹ̀gbọ́n sì ń fi ìfági fá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èèpo igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ká, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ilẹ̀kùn náà ti ń há, tó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, tí Ẹ̀gbọ́n sì ti ń ṣèlérí pé òun máa wá wò ó. Nínú gbogbo àárọ̀ tó wà láyé, àárọ̀ òní ló mú.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Kò tíì fẹnu kàn án. Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí òun ló dá báǹkì kékeré kan sílẹ̀, òun ló sì ń darí rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Orúkọ náà ti tẹ̀lé e wọlé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ sì ti tú ká sí ọ̀nà jíjìn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó tún ń pè é ní nǹkan mìíràn àyàfi Ẹ̀gbọ́n yìí, káfíńtà tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn lọ.

Ó ń wo ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ilé tó ń tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe yìí, kílẹ̀ òní tó ṣú, kò ní jẹ́ ti Ọ̀gá mọ́. Òun nìkan ló mọ̀, òun àti lọ́yà rẹ̀.

"Mo gbọ́ nǹkan kan," Ẹ̀gbọ́n sọ láìgbójú sókè. "Wọ́n ní ara báǹkì yín ò yá."

Ọ̀gá gbé ife náà kalẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó ń ta pákó fún mi. O mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi." Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìfági. "Mo ní irọ́ ni, pé àbúrò mi á ti sọ fún mi. O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo owó tí mo fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun wà. Ṣé kí n fi í síbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń béèrè bóyá òjò máa rọ̀.

Lánàá ni àjọ tó ń mójú tó àwọn báǹkì ti fi tó àwọn olùdarí létí pé bó bá di ọ̀sán òní, àwọn máa ti báǹkì náà pa. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń kọ́lé ló yá owó lọ́wọ́ wọn, tó wá wó, tó sì wó lé wọn lórí. Títí di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ṣáájú á sáré kó tirẹ̀, ohun tó bá sì kó lọ, lára tàwọn tí kò gbọ́ ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Ọ̀gá mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi í dá ẹni tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lọ sílé ìwé lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ nígbẹ̀yìn, "ìbéèrè yẹn, mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo pákó kó tó gé e. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa," ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé ilẹ̀kùn náà kọ́ tán, kò dúró jẹun. Ó ní ẹnì kan ń retí òun, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó jáde. Ilẹ̀kùn náà pa dé láìké rárá.

Nínú yàrá ìpàdé báǹkì, gbogbo àwọn olùdarí ti jókòó kí Ọ̀gá tó dé, ohun tí wọn kì í ṣe. Alága, ọkùnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè láéláé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní láti òwúrọ̀ lòun ti ń gbìyànjú láti wọ àkáǹtì òun, kò ṣí.

Ọ̀gá ní kò lè ṣí. Ó ti ní kí wọ́n ti àkáǹtì gbogbo olùdarí pa láti àná, tirẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ tì.

Alága kò bínú. Ó rọra ṣàlàyé bí ìgbà tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe olè làwọn fẹ́ jà. Owó àwọn ni, òógùn àwọn ni, àwọn kàn fẹ́ gbé e kúrò lójú iná ni. Ó ní Ọ̀gá náà ní ẹbí, kò sì sí ẹni tó máa bi í tó bá rántí wọn.

"Àwọn oníbàárà tó wà nísàlẹ̀ yẹn náà ní ẹbí," Ọ̀gá dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló ní kí lọ́yà ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ilé Ọ̀gá, ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, gbogbo ìpín tó ní níbòmíràn, ó ti fi sílẹ̀ kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi kún ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú báǹkì, kí wọ́n sì kọ́kọ́ san tàwọn tí owó wọn kéré jù. Kò sí òfin tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ti sọ ìyẹn fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yá ilé iṣẹ́ akọ́lé yẹn lówó, Ọ̀gá náà fọwọ́ sí i, kò sì rí bí òun ṣe máa fi ọwọ́ kan náà ti ilẹ̀kùn ilé òun kóun sùn.

Alága bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gá bojú wo ẹni tó jókòó tì í, ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ báǹkì náà nínú yàrá kan ṣoṣo, tí wọ́n jọ ń pín búrẹ́dì jẹ nígbà tí kò sí owó. Ẹni yẹn ń wo èékánná rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé tú, wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ìsìn parí, kò sì sí ẹni tó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ dé. Àṣà tiwọn ni kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi ọlọ́dẹ sídìí ẹ̀, kí wọ́n lọ. Ọ̀gá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ jáde lọ sọ ọ́. Wọ́n ní ewu wà níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Ó dúró sórí àtẹ̀gùn níta, láàárín àwọn oníbàárà tó ti ń rọ́ dé. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn láìfi epo sí i, láìfi iyọ̀ sí i. Ó ní báǹkì yá ẹni tí kò yẹ lówó, òun sì wà nínú àwọn tó fọwọ́ sí i. Ó ní wọ́n máa san owó padà, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́, tàwọn tó kéré ló sì máa ṣáájú. Ariwo ta. Ẹnì kan ju ike omi, kò bà á. Ó dúró síbẹ̀.

Obìnrin aránṣọ kan tó wà níwájú, tí òwú ṣì lẹ̀ mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, gbọ́wọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ò ti kó tiyín jáde?"

"Rárá."

"Àwọn ẹbí yín ńkọ́?"

"Kò sí ìkankan nínú wọn tó mú nǹkan kan," Ọ̀gá sọ, ohùn rẹ̀ sì dá ṣáká, nítorí òótọ́ ló gbà pé ó jẹ́.

Aránṣọ náà mi orí. Kò jọ pé inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó yí padà, ó ń sọ fáwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n fara balẹ̀, pé owó ọ̀gá yìí náà wà nínú ẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, Ọ̀gá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi tù ú nínú. Ó bá ìyàwó Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn kúnlẹ̀ kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ rú u lójú. Ẹ̀gbọ́n jáde wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"O ṣeun, àbúrò mi," ó sọ. "Mi ò ní gbàgbé ẹ láé."

Ẹ̀gbọ́n fi ojú tọ́ka sí àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Láti ilé Ọ̀gá ló ti gba báǹkì lọ tààrà láàárọ̀. Ó kó gbogbo owó náà sábẹ́ òòlù àti ayùn, ó gbé e kọ́ èjìká, kò sì sí ẹni tó wo káfíńtà lẹ́ẹ̀mejì.

"Mi ò sọ nǹkan kan fún yín."

"O sọ. Ojú ẹ sọ ọ́. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ ojú ẹ?"

Ọ̀gá fẹ́ jiyàn. Ó rántí alága, tó wo ojú kan náà yìí tí kò rí nǹkan kà níbẹ̀. Ọ̀gá mọ bí wọ́n ṣe ń ti ojú pa kí ẹlòmíràn má rí inú, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Láàárọ̀, ó lè yíjú sí fèrèsé. Kò yí i. Ó dúró, ó jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n wò ó tẹ́rùn.

"Ẹ dá a padà, Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ. "Ẹ jọ̀ọ́. Lónìí."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. Ó béèrè bóyá àlejò ni àwọn jẹ́ sí Ọ̀gá ni, bóyá ẹni tó fi owó ṣọ́ọ̀bù rán an nílé ìwé ló yẹ kó máa tò sẹ́yìn aráyé. Ọ̀gá lè sọ fún wọn pé ilé òun ti lọ, pé nínú owó ilé náà ni wọ́n ti máa san tiwọn lọ́jọ́ kan. Ó gbé e dé etí ètè, ó gbé e mì. Kò fẹ́ fi ra ojú rere wọn.

"Mo ti sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹbí mi ò mú nǹkan kan," ó kàn sọ. "Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn."

Ẹ̀gbọ́n ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àpò náà jáde, ó yọ òòlù àti ayùn kúrò lórí owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó gbé àpò kọ́ èjìká. Wọ́n jọ rìn lọ sí báǹkì, òun níwájú, Ọ̀gá lẹ́yìn.

Òṣìṣẹ́ àjọ kan, ọmọbìnrin tó wọ gíláàsì, ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún wọn. Ó yà á lẹ́nu pé ẹnì kan ń dá owó padà lọ́jọ́ tí gbogbo ènìyàn ń wá owó. Ó kà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fún Ẹ̀gbọ́n níwèé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo Ẹ̀gbọ́n, ó wo Ọ̀gá, bóyá torí pé iwájú orí wọn jọra.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ jẹ́ sí Ọ̀gá?"

Ẹ̀gbọ́n ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò. Ọ̀gá dúró de èsì rẹ̀ bí ọmọdé tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun.

"Oníbàárà ni mí," ó sọ, kò sì sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀.

Ó dágbére fún ọmọbìnrin náà, ó gbé àpò òfìfo rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé ohun tí òun ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀, pé kó dúró bí oníbàárà yòókù, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fún òun yẹn.