Àwọn Ọmọ Tó Wá Wo Bí Mo Ṣe Ń Dìbò

Tóyìn, mo lá àlá kan lóru àná, jọ̀ọ́ má bá mi túmọ̀ rẹ̀.

Ó jọ pé ọjọ́ ìdìbò ni. Olùkọ́ kan kó àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá kí wọ́n lè kọ́ bí àgbà ṣe ń dìbò. Èyí kò burú lójú mi. Àmọ́ ìwé ìdìbò tí wọ́n fún mi fẹ̀ bí ẹní, àfi kí n kúnlẹ̀ lé e lórí. Àwọn ọmọ náà bá bọ́ bàtà, wọ́n jókòó yí mi ká lórí rẹ̀.

O ṣáà mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n màmá mi ń du ipò káńsẹ́lọ̀. Òun náà wà níbẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín wa, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo rọra tẹ̀ka fún ẹlòmíràn.

Olùkọ́ ní, "Ẹ̀yin ọmọ, kí lẹ rí?"

Wọ́n dìde, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bíi ti kíláàsì, wọ́n sì jọ ń fi orin dáhùn: "A rí bùọ̀dá, bùọ̀dá tẹ̀ka fún…"

Mo fọwọ́ bo ẹnu ẹni tó sún mọ́ mi jù. Àwọn yòókù ń bá a lọ.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Mo ti rò ó dáadáa: ìdìbò kò tíì dé, torí náà mi ò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n màmá mi ń bọ̀ wá jẹun nílé wa lọ́sàn-án yìí. Mo ti ní kí màmá mi fi ẹja tèmi kún ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.