Ogún Ìṣísẹ̀ láti Ibi Àpáta Dúdú

Bí wọ́n bá sọ èèyàn lórúkọ burúkú ní Savissivik, abúlé kan ní ilẹ̀ yìnyín òkè àríwá ayé, kò sí ibi tó fẹ́ sá gbà. Ilé ibẹ̀ kò ju ogún lọ, yìnyín ló sì yí gbogbo wọn ká. Orúkọ tí wọ́n sọ Masaitsiaq lọ́dún tó kọjá ni Ajá-Kọ̀-Ọ́.

Kiviak, oúnjẹ ìgbà òtútù wọn, ló kó bá a. Síìlì, ẹran inú òkun tó lọ́ràá yẹn, ni wọ́n máa ń pa, wọ́n á kó inú rẹ̀ dànù, wọ́n á fi ọ̀rá sílẹ̀ lára awọ. Wọ́n á wá ki ẹyẹ etí òkun bí irinwó sínú rẹ̀, tìyẹ́tìyẹ́, tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, wọ́n á rán an, wọ́n á sì kó òkúta lé e lórí di ìgbà òtútù. Á kẹ̀, á dùn. Ẹ má yínmú o! Ṣé irú tiyín kì í rùn ni?

Ti Masaitsiaq kò kẹ̀ ní tirẹ̀, ó jẹrà ni. Ó jẹ́ kí oòrùn pa á. Nígbà tó kó o fún àwọn ajá, àwọn ajá tó ń jẹ pàṣán tí wọ́n fi ń nà wọ́n, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wojú ara wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ojú gbogbo ìlú ló ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí Naduk ọmọ rẹ̀ bí ọkùnrin, Masaitsiaq búra pé kiviak òun ni gbogbo ìlú máa jẹ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó sọ fún Tukumeq ìyàwó rẹ̀ pé, "Bí èyí bá tún bàjẹ́, Ajá-Kọ̀-Ọ́ ni wọ́n máa kọ sórí sàréè mi."

Ussarqak ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà, orúkọ ọkọ Avigiaq tó kú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí orúkọ bá ti padà dé, ẹni náà ti padà dé nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní Babatúndé nílé, ṣé ẹ ṣì ń retí àlàyé ni? Avigiaq, opó ọgọ́ta ọdún tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. "Ọkọ mi," á ní, "o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o ti tún ń sùn. Ta ló fẹ́ bá mi tún òrùlé ṣe?"

Ilẹ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mọ́, àmọ́ òkùnkùn ṣì ṣú. Oòrùn ti fi wọ́n sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá, bó ṣe máa ń ṣe níbẹ̀ nígbà òtútù. Masaitsiaq àti Tukumeq gbé fìtílà, wọ́n lọ hú kiviak. Yìnyín ti bo gbogbo òkìtì òkúta tí oníkálukú kó lé kiviak tirẹ̀ létíkun mọ́lẹ̀.

"Ogún ìṣísẹ̀ ni láti ibi àpáta dúdú," ni Masaitsiaq wí. "Mo kà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Bàbá Naduk, ṣòkòtò fẹ́lẹ́ lo wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wo ara ẹ nínú awọ béárì àti bàtà onípele méjì. Ò ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́."

"Ìyá Naduk, ogún ni ogún ń jẹ́!"

Ó ka ogún, ó gbẹ́ ilẹ̀, kiviak sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tukumeq fi fìtílà wo ojú rírán rẹ̀, ó rí i pé ó tò gbọnrangandan.

"Ta ló rán èyí? Ṣé ìwọ tó o rán bàtà mi tí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi yọ síta?"

"Ọwọ́ àgbà ni," ni Masaitsiaq wí. Àyà rẹ̀ já díẹ̀, àmọ́ ó pa á mọ́ra.

Iwájú ilé ni wọ́n ti jẹ ẹ́, torí òórùn. Wọ́n ń tu ìyẹ́, wọ́n ń já orí ẹyẹ jẹ, wọ́n ń fa omi rẹ̀ mu ṣùrùṣùrù. Àwọn àgbàlagbà di ojú. "Háà, Masaitsiaq, o kú iṣẹ́!" Kò sẹ́ni tó dárúkọ ajá rárá. Ni orí Masaitsiaq bá wú. Ó gbé awọ náà sókè pé, "Ẹ wo ojú rírán! Ẹ wò ó dáadáa!"

Avigiaq sún fìtílà mọ́ ọn. Ó dá jíjẹ dúró.

"Bàbá Naduk, okùn yìí mà dára o. Níbo lo ti rí i?"

"Okùn... okùn ilé ni."

"Pupa báyìí? Àwọ̀n tí Ussarqak fi ń mú ẹyẹ ni mo tú, tí mo fi okùn pupa rẹ̀ rán tèmi."

Masaitsiaq lè purọ́, irọ́ náà tilẹ̀ ti wà létè rẹ̀. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn Naduk, ìtìjú sì mú un.

"Tìẹ ni, ìyàwó Ussarqak," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi ló ṣì mí lọ́nà. Ṣùgbọ́n ara ti ń fu mí láàárọ̀, mo pa ẹnu mọ́ nítorí orúkọ mi. Mo jalè."

"Ajá-Kọ̀-Ọ́ ti di Ajá-Jí-I!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Avigiaq kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìka bọ inú ọ̀rá, ó lọ fi kan ètè ọmọ. Ọmọ fajú ro, ó yínmú, ó wá gbá ìka náà mú, ó ń fà á mu. Omi bọ́ lójú obìnrin tí kò sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

"Òun náà nìyí," ló wí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á kọ́kọ́ yínmú, á wá jẹ ẹ́ tán." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọkọ ló jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀. Ta ló wá jalè níbẹ̀? Ṣùgbọ́n tìẹ ṣì wà nílẹ̀, Bàbá Naduk. Lọ́la, wàá hú u wá fún mi."

Masaitsiaq béèrè pé, "Bí ajá bá tún kọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Avigiaq wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé ajá lo fẹ́ gbé e fún ni?"