Èéfín Tó Ṣẹ́rí sí Àfonífojì

Láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Tẹjúmádé ń gbé ní Tallaght, ìgboro kan nílẹ̀ òyìnbó, òkè ńlá tó wà lẹ́yìn àdúgbò dà bí ẹni tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí oorun ń gbé lọ. Bí oṣù kẹrin bá dé, igbó ẹlẹ́gùn-ún tó bò ó á yọ òdòdó, á pọ́n bí ìyeyè, òórùn rẹ̀ á sì dà bí àgbọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Igbó yìí kan náà ló máa ń gbiná.

Màmá Nuala, opó arúgbó tó ń sin àgùntàn ní àfonífojì lẹ́yìn òkè, ló fi iṣẹ́ ìṣọ́ná lé e lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn tí Tẹjúmádé ti ń gbálẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá náà kán. Ó ní àwọn tó wà ní àfonífojì kì í rí iná títí á fi yọ sí wọn lórí. Ará ìgboro ló ń tètè rí i. Láti ìgbà náà ni Tẹjúmádé ti ń kọ ibi tí èéfín wà àti ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí sínú ìwé kékeré kan. Bó bá yẹ, á tẹ ilé mẹ́rin tó wà ní àfonífojì láago. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì. Iṣẹ́ náà fún ojú rẹ̀ ní ibi tó ń wò.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, lọ́dún tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ fún ojú irin tuntun ládùúgbò, èéfín yọ. Ó rọra ń gòkè bí aṣọ funfun tí ẹnìkan ń tú láìkánjú. Ó lẹ́wà débi pé Tẹjúmádé gbàgbé ara rẹ̀. Nígbà tó yá, aṣọ náà ṣẹ́rí, ó dojú kọ àfonífojì. Tẹjúmádé pe àwọn panápaná, lẹ́yìn náà ó pe Màmá Nuala.

Gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́, ó kọ́kọ́ kí ìyá náà kú ọ̀sán, ó béèrè ẹsẹ̀, ó béèrè àwọn abo àgùntàn tó lóyún. A kì í ju ọ̀rọ̀ burúkú lu àgbàlagbà lójijì. Màmá Nuala náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó ní àgùntàn kan bí ìbejì láàárọ̀, ó ń bi í pé ìgbà wo ló máa wá mu tíì. Iná ń rìn.

"Iná kékeré kan wà lókè o, Màmá," ni Tẹjúmádé wí. "Kò tó nǹkan."

Ọ̀rọ̀ náà padà wá dún létí òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Gbádébọ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣe wí lórí fóònù nígbà tí Olúkúnlé ọkọ rẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn, tí àìsàn sì dá a gúnlẹ̀ níbẹ̀: ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, kò tó nǹkan, kí ìyàwó fara balẹ̀. Ìyàwó fara balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó fi dé ọ̀hún, wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

"Màmá, irọ́ ni mo pa," ó wí. "Iná ńlá ni. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún àwọn àgùntàn, kí ẹ máa lọ."

Ìpè náà gé. Ó tẹ ilé mẹ́ta yòókù láago. Kò kí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti fèrèsé. Èéfín ti bo òkè mọ́lẹ̀, kò sì rí nǹkan kan mọ́.

Ó tó wákàtí méjì kí fóònù tó dún. Màmá Nuala ni, láti ilé aládùúgbò.

"Àgùntàn méjì kú, Tẹjú. Ilé tí mo ń kó koríko àgùntàn sí jóná tán. Àwọn yòókù wà lójú títì níbí, wọ́n ń jẹ òdòdó onílé." Ó mí kanlẹ̀. "Ká ní o tún béèrè ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i ni, èmi náà ì bá ti jóná."

Tẹjúmádé fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló jáde, ẹkún ọdún méjì. Ìyá náà kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó gbé fóònù dání, ó ń gbọ́.