Títì Tí Kì Í Mu Omi

Kò sẹ́ni tó lè bú ọ̀dà Ilango lójú rẹ̀ kó lọ láìgba èsì. Òun ni ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà títì lẹ́bàá ìlú Madurai ní Íńdíà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi iṣẹ́. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá ti gbóná dáadáa, á ní kí wọ́n da ọ̀rá gígé lé e, àwọn ọ̀rá mílíìkì tí àwọn obìnrin ṣà jọ lórí ààtàn. Ọ̀rá á yọ́, á bo òkúta lára. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà, àti eruku òkúta ẹfun tó kúnná, tí yóò dí gbogbo ihò tó ṣẹ́ kù. "Omi ni ọ̀tá títì," ló máa ń wí. "Títì tèmi kì í mu omi." Ẹ jẹ́ kó fọ́nnu, ó tọ́ sí i. Títì àwọn ẹlòmíràn ń yọ́ lóòrùn, ó ń fọ́ lójò, tirẹ̀ ń dán ni.

Bàbá rẹ̀ wá kú. Awakọ̀ tírélà ni bàbá náà, ogójì ọdún ló fi ń wa ọkọ̀ kiri, ilé sì dà bí ibi ìsinmi ọ̀sán fún un. Wọ́n sun ún bó ṣe yẹ, wọ́n kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n fi aṣọ dí i lẹ́nu. Òkun Rameswaram ni eérú ń lọ, àlùfáà sì ti mú ọjọ́. Títí ọjọ́ náà yóò fi pé, eérú òkú kì í wọ ilé alààyè láàárín wa. Orí igi níbi tí wọ́n ti ń sun òkú la máa ń so ó kọ́ sí. Ṣùgbọ́n Ilango gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Ó ní àwọn ọ̀bọ yóò tú u, ó sì lọ so ó kọ́ sínú àká eruku níbi iṣẹ́, níbi tí òjò kò lè dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń tún ọ̀nà iwájú ilé ìyá rẹ̀ ṣe. Ilango jáde lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Nígbà tó padà, ìkòkò náà ti dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó mọ́ tónítóní.

Trinath, òṣìṣẹ́ kan tó wá láti Odisha lókèèrè, rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ̀gbọ́n, eruku ò tó, mo bá da èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́ yẹn mọ́ ọn. Ó mà kúnná o! Ó dáa ju tàtẹ̀yìnwá lọ."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ohunkóhun tó bá ṣófo ni wọ́n ń kó àṣẹ́kù eruku sí níbẹ̀, Ilango fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ó gun alùpùpù, ó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ ọ̀dà, ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀lẹ̀ ti ń lọ ti ń bọ̀ lórí bàbá rẹ̀.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá kò sunkún. "Níbo?" ló bi í.

"Iwájú ilé, Amma. Láti ìdí igi àjàgbọn dé ibi ẹ̀rọ omi."

Nígbà tí oòrùn kàtàrí, Ilango dúró lórí títì tuntun náà, ó sì gbọ́ ikọ́ kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ikọ́ bàbá rẹ̀ awakọ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ikọ́ náà ni ohùn: "Ilango. Omi."

Òkú tí kò bá dé inú omi, òùngbẹ ni yóò máa gbẹ ẹ́, ọmọdé ilẹ̀ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilango bu omi, ó dà á sílẹ̀. Omi náà ṣàn dànù lórí títì, ẹ̀kán kan kò wọlé. Àwọn ajá kò sùn níbẹ̀ mọ́. Ó gé èépá títì díẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú abọ́ bẹntiróò kó lè yọ eérú jáde. Ọ̀dà yọ́ kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá di eérú mú ṣinṣin, kò fi sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó jókòó ti abọ́ náà, ó sunkún bí ọmọdé.

Níkẹyìn, ó parọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ó sọ fún àwọn aláṣẹ ọ̀nà pé òun po ọ̀dà ibẹ̀ bàjẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun hú u. Wọ́n gbà, wọ́n sì gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó fara mọ́ ọn. Bó bá ti hú u tán, gbogbo rẹ̀ ni yóò kó lọ sí òkun, títí kan òkúta.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé ẹ̀rọ ìfọ́títì dé, ìyá rẹ̀ ti sá ẹ̀pà kún ojú ọ̀nà, ó sì jókòó sáàárín rẹ̀.

"Amma, ẹ dìde."

"Ẹ̀pà mi ò tíì gbẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́. Òùngbẹ ń gbẹ Appa. Ó ń pè mí."

"Ṣé ìwọ nìkan lo létí ni?" Ìyá kò gbójú sókè. "Àtọjọ́ tí wọ́n ti tẹ́ ẹ síbí ni mo ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ibà fẹ́ pa ọ́, ojú ọ̀nà yìí ni mo gbé ọ dúró sí, tí mò ń pè é. Nígbà tí àbúrò rẹ kú, ibí yìí náà ni. Ogójì ọdún, Ilango! Ìgbà wo ló dá mi lóhùn? Ó wá délé lónìí, o ní kí n jẹ́ kó tún lọ?"

Ìyá tẹ̀ wálẹ̀, ó gbẹ́nu lé títì, ó sì ṣe ohun tí obìnrin ilẹ̀ wa kì í ṣe láéláé: ó dárúkọ ọkọ rẹ̀.

"Sangili," ó ní, "máa pè. Ó ti kàn ọ́."