Ọgbọ̀njọ́ Dvora

Òní ló pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n sin Dvora, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Zelig Baranek bí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, orí ibùsùn ọsibítù ni Zelig wà. Kò gba Kádíṣì, àdúrà òkú, lórí ibojì ọmọ rẹ̀. Kò sì tíì gbà á lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún bàbá. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, ó parí.

Kádíṣì kò ṣeé dá gbà. Ènìyàn mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé. Yìnyín sì ti dí ọ̀nà Minnesota láti àárọ̀.

Nínú sínágọ́gù, Rábì Noga ń nawọ́ sí àwọn tó wá níkọ̀ọ̀kan. A kì í ka ènìyàn bí ẹni ka àgùntàn, nítorí náà obìnrin náà ń wí pé, "Kì í ṣe ọ̀kan. Kì í ṣe méjì." Ó dúró lórí "Kì í ṣe mẹ́sàn-án." Ẹnì kan ló kù.

Hersh, ọ̀rẹ́ Zelig àtijọ́, rẹ́rìn-ín. "Zelig, ọdún méjìlá lo fi sá fún ilé yìí nítorí pé wọ́n ń ka obìnrin mọ́ ènìyàn mẹ́wàá. Ǹ bá sọ iye obìnrin tó rin inú yìnyín wá torí ẹ lónìí, àmọ́ a kì í ka ènìyàn."

"Pa ẹnu ẹ dé, Hersh."

Rábì wo ojú fèrèsé. "Bàbá Zelig, Annika wà níta. Inú ọkọ̀ ló jókòó sí. Ó rí yín, ni kò ṣe wọlé."

Annika ni ìyàwó Dvora, obìnrin bíi tirẹ̀ tó fẹ́. Lọ́jọ́ tí Annika ti inú omi ìwẹ̀mọ́ jáde tó di Júù, gbogbo ilé yìí kọrin, wọ́n jó. Zelig nìkan ni kò jó. "Lójú tèmi, o ò sí lára iye," ló wí fún un, ó sì bá ẹnu ọ̀nà lọ. Dvora kò tẹ ilé bàbá rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Zelig mú ọ̀pá, ó jáde. Yìnyín dé orúnkún. Ó ṣubú, ó dìde. Ó kan gíláàsì ọkọ̀. Annika yí i sílẹ̀ níwọ̀n ìka kan.

"A ò pé," ni Zelig wí.

"Ẹ lọ wá ẹni tó wà lára iye, Bàbá."

"Annika." Kò pe orúkọ yẹn rí. "Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò sin ín. Mi ò tíì gbà á lẹ́ẹ̀kan."

"Mo mọ̀. Èmi ni mò ń gbà á lójoojúmọ́. Mo ń gba tiyín mọ́ ọn." Ó wo ojú ọ̀run. Pupa rẹ̀ ti ń di dúdú. Ó ṣílẹ̀kùn. "Kì í ṣe tìtorí yín o."

Wọ́n wọlé. Rábì kò nawọ́. Zelig ló ń wò, pé kó kà á fúnra rẹ̀.

Zelig nawọ́ sí Annika. "Kì í ṣe mẹ́wàá," ló wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Zelig ti gba Kádíṣì rí fún bàbá, fún ìyá, fún aya. Ní ìlà kejì, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn. Ohùn Annika kò dúró dè é. Zelig tẹ̀ lé ohùn náà bí afọ́jú ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀pá, títí dé àmín ìkẹyìn.

Nígbà tó wẹ̀yìn, àga Annika ti ṣófo. Ó wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ipa táyà nìkan ló kù, yìnyín mìíràn sì ti ń bò ó.