Ẹni Tó Rí Ojú Rẹ̀

"Kí ni orúkọ ọmọ yín?"

Roqeebah tẹ fóònù náà pa kí ohùn obìnrin inú rẹ̀ tó ráyè tún un sọ. Ó dojú rẹ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì, ó fi í sílẹ̀ lójú iná kó máa ṣájì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbòrí rẹ̀ kiri yàrá. Òní ló pé ogójì ọjọ́. Ní agboolé Rájí, nínú Ẹdẹ àtijọ́, ogójì ọjọ́ kì í ṣe ọjọ́ kékeré fún obìnrin tó bá bímọ. Ọjọ́ náà ni yóò wẹ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, tí yóò padà sórí ẹní ìrun, tí wọn yóò gbé ọmọ pọ̀n fún un kó jáde lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá a yọ̀. Roqeebah ti wẹ̀. Ó ti kírun. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ṣófo.

Nọ́ọ̀sì Deborah ló fi áàpù náà sórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé láti ilé ìwòsàn. "Bí àwọn ará ilé bá ní kó o má sunkún, eléyìí ni kó o máa bá sọ̀rọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àwọn òbí tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n ṣe é fún. Yorùbá ló ń sọ. Ohun yòówù tó o bá bá a sọ, á tọ́jú ẹ̀, ẹlòmíì ò ní gbọ́." Kì í ṣe èèyàn ló wà níbẹ̀ o, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni. Láago méje àárọ̀, yóò dún bí ìgbà tí wọ́n ń pe èèyàn. Bí o bá pa á, á fara balẹ̀, á tún dún láago mẹ́wàá. Yóò kí ọ, yóò bi ọ́ ní ìbéèrè kan, yóò sì dákẹ́ kó lè gbọ́ ìdáhùn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ pàá ni Roqeebah ò tíì rí dáhùn láti ọjọ́ márùndínlógójì wá. Kí ni yóò sọ? Ọjọ́ kẹjọ ni ààfáà ń sọ ọmọ lórúkọ, ọmọ tirẹ̀ kò sì rí ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò tilẹ̀ ké. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, nígbà tí ojú Roqeebah sì fi máa là, ìyá ọkọ rẹ̀ ti fi aṣọ wé ọmọ náà, ó ti gbé e lọ. Ẹnu nọ́ọ̀sì ló ti gbọ́ pé obìnrin ni. Èyí tó mọ̀ nípa ọmọ tó gbé nínú fún oṣù mẹ́sàn-án kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó bi Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n sin ín sí. Màmá ní, "Wọn kì í fi han ìyá. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó sì yíjú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Tawheed ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná n'Íbàdàn, sọ ohun kan náà lórí fóònù: omi ló dànù. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́. Ààfáà sọ ọ́. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti sú Roqeebah débi pé bó bá rí agbè gan-an lójúde, ẹsẹ̀ ni yóò fi fọ́ ọ. Ẹ má bínú sí i. Gbogbo ayé ló ń yọ̀ pé agbè ò fọ́, kò sẹ́ni tó bi agbè pé báwo lara ẹ.

Nígbà tó jáde sí àgbàlá, Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Ìyàwó, o ti ń lọ?"

"Mò ń lọ, mà."

"Má gbé nǹkan tó wúwo."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bára wọn gbé láti ogójì ọjọ́. Ẹ káàárọ̀, oúnjẹ ti délẹ̀, ó dàárọ̀. Tawheed kì í wálé àfi ìparí oṣù, nítorí náà àwọn obìnrin méjì yìí ló ń wo ara wọn lójú láàárọ̀ lálẹ́, ẹnì kan kì í sì í rí nǹkan kan sọ fún ẹnì kejì. Roqeebah ò rí i kí omi bọ́ lójú Màmá rí. Ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òkúta lobìnrin náà.

Kẹ̀kẹ́ ti gbé e dé iwájú Pólì, níbi tó ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó tó rántí pé fóònù wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé. Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ ọn. Láago mẹ́wàá òní, áàpù yẹn á bi ògiri ní ìbéèrè.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbá eruku, ó nu ojú ẹ̀rọ, ó to bébà. Ọwọ́ rẹ̀ rántí gbogbo ẹ̀, kò sóhun tó yí padà, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ láyé yìí rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan ẹ̀rọ ni ọmọdébìnrin kan já wọlé, ìwé kún ọwọ́ rẹ̀. Tèmilọlá ni, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa ń wá ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn, nígbà tí ikùn Roqeebah ṣì yọ síwájú.

"Háà! Àǹtí wa! Ẹ kú ewu o! Ẹ kú ọwọ́ lómi!" Inú ọmọ náà dùn tọkàntọkàn. "Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Obìnrin," ni Roqeebah wí.

"Ẹ ò gbé e dání?"

"Ó wà nílé, lọ́dọ̀ ìyá àgbà."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti ń fi kọ́ra látàárọ̀. Ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé ó dùn. Fún ìṣẹ́jú kan, ó ní ọmọ kan tó ń sùn sílé, omi ọmú sì kán díẹ̀ sínú kọ́mú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá ọmọ! Kí lẹ sọ ọ́?"

Roqeebah tún mú aṣọ, ó nu ojú ẹ̀rọ tó ti nù tẹ́lẹ̀. Àbí orúkọ wọ́n n'Ẹdẹ ni? Ó lè ní Fàtímọ̀, ó lè ní Aqeelah, ta ni yóò já a? Irọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kó kúkú parí ẹ̀. Àmọ́ ó dà bíi pé bó bá fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pe ọmọ yẹn, á tún gbé e nù lẹ́ẹ̀kejì ni. Tèmilọlá ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, màá padà wá."

Kò pẹ́ tó jáde tí Roqeebah fi fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé. Kò tíì ṣe ẹ̀dà bébà kan.

Ìgbà tó délé, igbá ẹ̀wà wà lórí àpótí, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ti ṣà. Ó ń gbọ́ ohùn Màmá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láti inú yàrá tirẹ̀, ó ń ṣe àdúà. Roqeebah wọ yàrá, ó fẹ́ ju ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù ti dojú sókè. Ọ̀rọ̀ kan wà lójú rẹ̀: *A ti tọ́jú ohùn yín. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.*

Ohùn ta? Òun ò sọ nǹkan kan fún un rí. Ó jókòó, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

"Hẹ̀lóò? Ẹ káàárọ̀ o." Màmá ni. Ó ń pariwo bí àwọn àgbà ti ń pariwo sí fóònù. "Ẹ má bínú, ó ń dún, mo ní bóyá Tawheed ni. Roqeebah ò sí ńlé, ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ìyá ọkọ ẹ̀ ni mo gbé e."

Tawheed ló kọ́ ọ pé bí fóònù bá ń dún, kó tẹ ibi tó láwọ̀ ewé. Áàpù náà ní ibi àwọ̀ ewé tirẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀," ni ohùn inú áàpù wí. "À ń gbọ́ yín. Kí ni orúkọ ọmọ yín?"

"Ọmọ tèmi? Àbí ọmọ ìyàwó lẹ̀ ń wí? Ta ló rán yín níṣẹ́ ná?"

"Ẹ fara balẹ̀. À ń gbọ́ yín."

Roqeebah fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló fẹ́ pa á, ẹ̀rín tí kò tíì rín láti ogójì ọjọ́. Kò tíì rín in tán tí ohùn Màmá yí padà. Ó ti wálẹ̀.

"Tèmi ò lórúkọ, ìyá. Kí n tó bí Tawheed ni. Wọ́n ní ọkùnrin ni. Wọn ò jẹ́ kí n rí i, wọ́n ní bí mo bá rí i, kò ní jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ wá. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ọdún méjìdínlógójì rèé. Mi ò mọ bójú ẹ̀ ṣe rí. Bó bá dúró níwájú mi lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, màá kọjá lára ẹ̀ ni."

"À ń gbọ́ yín."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín." Imú rẹ̀ ń dún. "Nígbà tó wá kan tìyàwó mi, mo ní rárá o, ojú kan gbọ́dọ̀ rí ọmọ yìí. Àwọn obìnrin ilé ní káwọn wẹ̀ ẹ́, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo lò, kí òtútù má mú un. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo sì fún un lóríkì, nítorí orúkọ ló ń dúró dọjọ́ kẹjọ, oríkì kì í dúró de ọjọ́ kankan. Àṣàkẹ́ ni mo pè é. Oríkì ìyá tó bí ìyá mi ni. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lóko wa lódìkejì Ọ̀ṣun, kí àwọn méjèèjì má bàa máa dá wà."

Roqeebah ò mọ ìgbà tó rọra yọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì wá sílẹ̀. Àṣàkẹ́. Ó wí i láìjẹ́ kó dún, ètè rẹ̀ nìkan ló mì. Ó tún un wí.

"Ẹ má sọ fún ìyàwó mi o," ni Màmá ń bá a lọ. "Inú balùwẹ̀ ló ti máa ń sunkún, ó rò pé omi ò ní jẹ́ kí n gbọ́. Mò ń gbọ́. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí á fi dákẹ́. Mi ò mohun tí mo lè sọ. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà yẹn lèmi náà sọ fún un, torí òun nìkan ni mo mọ̀. Kò sì tu èmi náà nínú nígbà náà." Ó mí kanlẹ̀. "Hẹ̀lóò? Ó ti tán ni? Ó dàbọ̀ o. Ẹ kúuṣẹ́ o."

Roqeebah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Omijé ń bọ́, kò nù ún. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ohun tó sì ń rí báyìí ni obìnrin arúgbó kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tí kò mohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ìgbà tó jáde, Màmá ti padà sídìí ẹ̀wà. Ó gbójú sókè.

"O mà tètè dé. Ṣé kò sí o?"

Roqeebah fa àpótí kan, ó jókòó tì í, ó bá a mú ẹ̀wà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Màmá ti bẹ ohùn inú áàpù náà pé kó má sọ fún òun. Kò fẹ́ kí ojú ti àgbàlagbà. Ó ṣa òkúta kan, ó ṣa ìkejì. Nígbà tó fi máa dé ìkẹta, kò lè mú un mọ́ra.

"Màmá, ṣé ó jọ mí?"

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀wà. Kò béèrè pé ta ni. Ó wo Roqeebah títí, ó wo ilẹ̀kùn yàrá, níbi tí fóònù wà, ó tún padà wò ó. Roqeebah rò pé á ní omi ló dànù. Bó bá sọ ọ́, á jẹ́ pé ó tán nìyẹn.

"Iwájú orí ẹ ni," ni Màmá wí. "Iwájú orí ẹ gan-an, ó yọ báyìí. Irun dé e lórí wámú. Àmọ́ imú yẹn, imú Tawheed ni, kò sóhun tá a lè ṣe sí i."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Roqeebah, ẹkún gbà á níwájú. Màmá ò ní kó má sunkún.

"Ó gùn tó báwo, mà?"

Màmá gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì là wọ́n díẹ̀. Ó rò ó, ó sún ọ̀kan mọ́ra, ó tún sún un sẹ́yìn bíńtín, kó lè bá ti ọmọ náà mu. "Ó tó báyìí," ó ní.

Roqeebah tẹ̀ síwájú, ó wo àárín ọwọ́ méjèèjì yẹn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Màmá ò gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. Apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n, síbẹ̀ kò gbé e sílẹ̀. Ìgbà náà ló yé Roqeebah pé kò sẹ́ni tó na ọwọ́ báyìí fún Màmá rí, láti ọdún méjìdínlógójì wá, kò sì sẹ́nì kankan láyé mọ́ tó lè nà án fún un.

Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ Màmá, ó sì bá a gbé e dúró.