Ìṣó Lẹ́nu Ṣéènì

Nígbà tí Mùsáfírù dá ẹ́ńjìnnì ìgégi padà, kò wọlé. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀, Akóredé, ní Ìbàfo, ó ní òun ti fi gé ẹ̀ka gbígbẹ tí òun wí, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Akóredé kò fura. Igi gígé ni iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fún ọ̀pá ẹ́ńjìnnì náà mọ́ fáìsì tó fi ń di irin mú, ó gbé gáìdì tó ń tọ́ fáìlì sọ́nà lé ṣéènì kí fáìlì róbótó tó fi ń pọ́n irin má baà yà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti ti fáìlì díẹ̀, eyín a ti mú. Lọ́jọ́ yẹn, ṣe ni fáìlì ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. Àwọn eyín kan ti fọ́, àwọn mìíràn ti rí pẹlẹbẹ bí eyín arúgbó. Igi gbígbẹ kì í ṣe ṣéènì báyìí, irin ló ń ṣe é. Ó tú ìdérí ẹ́ńjìnnì náà, ó gbá ìyẹ̀fun igi inú rẹ̀ dànù. Àjákù ìṣó tó ti dípẹtà já bọ́.

Igi kan ṣoṣo ló mọ̀ tó kún fún ìṣó báyẹn: igi fúrúùtù iwájú ilé ìyá wọn ní Mówè. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá ti ń tajà láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé. Ara rẹ̀ ló ń kan ìṣó mọ́, tó ń fi ìgbálẹ̀, kànìnkànìn àti ajọ̀ kọ́. Bí èèpo igi bá bo ìṣó kan mọ́lẹ̀, a tún kan òmíràn.

Akóredé ju fáìlì sílẹ̀, ó sáré bọ́ sí títì.

Nígbà tó dé Mówè, ó bá ìyá lórí bẹ́ńṣì nínú oòrùn, ó fi ìborùn bo orí. Kùkùté igi ṣì funfun. Wọ́n ti da yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Akóredé dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ìyá nawọ́ sí kùkùté náà.

"Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀, mà. Ẹ̀ka ni Bọ̀dá Mùsá ní àwọn fẹ́ gé."

"Inú ilé ni mo wà tí mo gbọ́ ọ," ni ìyá wí. "Mo mọ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ bí mo ṣe mọ ohùn rẹ. Orúkọ rẹ ni mo ń pariwo títí mo fi jáde. Mùsá ní ẹ jọ fẹnu kò sí i ni."

Akóredé fò dìde. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Bọ̀dá Mùsá, kí lẹ sọ fún ìyá wa?"

"Rọra. Ṣọ́ọ̀bù ni àwọn kan fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Èmi ni dáwódù, mo ti fún wọn láyè. Torí igi lásán lo ṣe ń gbọ̀n báyìí?"

"Ẹ̀ka lẹ ní ẹ fẹ́ gé!"

"Bí mo bá ní igi ni, ṣé wàá gbé ẹ́ńjìnnì fún mi?"

Láti kékeré, Akóredé kò fi "o" bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀.

"Òpùrọ́ ni ọ́, Mùsáfírù! O fi ọwọ́ mi gé ìyá mi lẹ́sẹ̀!"

Ó fa á lọ́rùn ẹ̀wù, ó wọ́ ọ dé iwájú ìyá. "Sọ fún wọn! Sọ pé mi ò mọ̀!"

Mùsáfírù kùn pé, "Kò mọ̀."

"Sọ ọ́ sókè," ni ìyá wí, "kí àwọn tó ń kọjá náà gbọ́."

"Kò mọ̀! Èmi nìkan ni."

Ìyá dìde. "Ìyá Mùsáfírù ni gbogbo Mówè ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ. Láti òní lọ, ẹni tó bá fi pè mí, mi ò ní dá a lóhùn. Ìyá Akóredé ni mo ń jẹ́."

Mùsáfírù bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà ṣá. Ìyá kọ̀, kò wọ ibẹ̀ lọ tajà. Akóredé pa àtíbàbà fún un ní òdìkejì títì, ibẹ̀ ló ti ń tajà. Nígbà tí Mùsáfírù rán àwọn àgbà lọ bẹ Akóredé, Akóredé ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ìyá. Títí di òní, bí Mùsáfírù bá ń kọjá, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ìyá a máa di ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ.